Ẹ́ńjìnnì Tí Kò Mu Dísẹ́ẹ̀lì

Láti ọjọ́ tí baálé ilé kan tó ń sin adìyẹ ti ń fi gáàsì tó ń jáde láti inú ìgbẹ́ adìyẹ tan ẹ́ńjìnnì iná rẹ̀, ẹnu rẹ̀ kò gbélé mọ́. Bí èèyàn bá kí i pé ẹ káàárọ̀, ọ̀rọ̀ ìgbẹ́ adìyẹ ni yóò fi dáhùn. “Ẹ́ńjìnnì mi kò mu dísẹ́ẹ̀lì mọ́. Kò mu rárá.” Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ ní Kòmurárá nìyẹn, orúkọ náà sì dùn mọ́ ọn.

Irọ́ ni, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Gáàsì kì í dédé gbiná nínú irú ẹ́ńjìnnì yẹn. Dísẹ́ẹ̀lì díẹ̀ ló ń kọ́kọ́ gbiná, kó tó ran gáàsì náà, bí ìṣáná ṣe ń ran igi. Ṣùgbọ́n ta ló ń fi “díẹ̀” yangàn? Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ ń bá a. Tirẹ̀ kò tilẹ̀ rìn jìnnà.

Nígbà tí àwọn àlejò tó ń yẹ irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ wò kiri wá wo iṣẹ́ rẹ̀, ó ti fi tapólì bo táǹkì dísẹ́ẹ̀lì. Àgbà obìnrin tó ṣaájú wọn rí páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó yọ jáde lábẹ́ tapólì náà.

“Kí lèyí, bàbá?”

“Ti àtijọ́ ni, mà.”

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa tì í pa.”

Ó tì í pa. Ẹ́ńjìnnì wúkọ́, ó dákẹ́.

“Ó ń sinmi ni,” ló wí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé ìgbẹ́ adìyẹ. Òógùn bò ó. Ó mọ̀ pé ẹyin adìyẹ ìyàwó òun wà nínú ẹ̀rọ tó ń fi ooru iná sàba ẹyin ní yàrá kejì, pé bí ooru bá lọ, inú èèpo ni àwọn ọmọ adìyẹ yóò kú sí.

Ìyàwó náà yọ lẹ́nu ọ̀nà.

“Baálé mi, iná ti lọ. Àwọn ọmọ adìyẹ sì ti ń sọ èèpo ẹyin láti jáde.”

“Ẹ́ńjìnnì ń sinmi ni.”

“Ṣé kí àwọn náà máa sinmi lọ ni?”

Ojú tì í gan-an. Ó ká tapólì kúrò, ó ṣí páìpù. “Ó ń mu díẹ̀,” ló wí, bí ẹni tó jí ẹran jẹ. Ó tan ẹ́ńjìnnì, ó gbà, iná sì dé.

Àgbà obìnrin náà mí kanlẹ̀. “Gbogbo ibi tí a ti dé ni wọ́n ti sọ pé tàwọn kò mu ún. Ẹ̀yin nìkan lẹ jẹ́wọ́. Ọ̀dọ̀ yín làwọn èèyàn yóò ti máa wá kọ́ṣẹ́.”

Ọkùnrin náà nàró ṣánṣán, ó tún kọ́là ẹ̀wù rẹ̀ ṣe.

“Ẹ ṣeun, mà. Èmi o, n ò purọ́ rí láyé mi. Ẹ bi ìyàwó mi.”

Gbogbo wọn yíjú sí ìyàwó rẹ̀. Ó ní ẹyin òun ń dúró de òun, ó sì jáde.