Obìnrin Ọlọ́wọ́ Kan Lábẹ́ Àpótí

Àsíátù ni ọmọ kẹrin tí ó jókòó sórí àpótí náà. Ó ń fi ẹsẹ̀ méjèèjì gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹni tó gun kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ń rẹ́rìn-ín. Olùkọ́ wọn, Ẹfúnróyè, dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìwé àkọsílẹ̀ lọ́wọ́. Ó ń kọ ọ́ sílẹ̀ pé níbí yìí, àwọn ọmọ láǹfààní láti fọwọ́ kan nǹkan. Kò tíì wo àpótí náà dáadáa nígbà tí Àsíátù sọ̀ kalẹ̀, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀.

"Àǹtí," ni ọmọ náà wí, "ta ló gé ọwọ́ obìnrin yìí?"

Obìnrin mẹ́rin ni wọ́n gbẹ́ sábẹ́ àpótí náà, gbogbo wọn wà lórí ìkúnlẹ̀, wọ́n fi orí àti ọwọ́ méjèèjì gbé ìjókòó. Ọwọ́ àwọn mẹ́ta nínú wọn pé. Ẹkẹrin kò ní ọwọ́ òsì, ibi tí ó ti kán sì ti ń dán bí eyín.

"Èmi ni," ni Ẹfúnróyè dáhùn. "Mo gbé e ṣubú."

Ọ̀rọ̀ náà ti bọ́ kí ó tó mọ̀. Àwọn ọmọ tún rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé Àǹtí ń ṣe àwàdà. Ṣùgbọ́n Alàgbà Ọládùnjoyè tí ó ni ilé kò rẹ́rìn-ín. Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó wo obìnrin náà, ó sì ní kí àwọn ọmọ jáde lọ bá ìyàwó òun mu kunu lábẹ́ igi máńgòrò.

Ọjọ́ Sátidé kan ni, nínú oṣù kọkànlá ọdún 1986, ọyẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé. Ẹfúnróyè, ẹni ọdún méjìdínlógójì, ń kọ́ ọmọ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Garki. Ọ̀gá rẹ̀ ti ní kí ó ṣe ìwé pélébé kan nípa àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí olùkọ́ lè kó ọmọdé lọ wò ní gbogbo agbègbè náà. Ó ti lọ sí Jọ́ọ̀sì, níbi tí àwọn ọmọ ti lè lọ wo ẹranko nígbà tí ère amọ̀ bá sú wọn. Ó ti lọ sí Kàdúná. Ó ti dé Ẹ̀sìẹ́, níbi tí ère òkúta ti pọ̀ débi pé ọmọ tó bá ń kà wọ́n yóò ṣìkà. Níbi gbogbo, ìbéèrè kan náà ni ó ń bi wọ́n. Ṣé omi mímu wà? Ilé ìyàgbẹ́ ńkọ́? Ṣé ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ nǹkan kò ga ju ojú ọmọ lọ? Ṣé ẹ̀ṣọ́ kì í jágbe mọ́ wọn?

Ti Kuje nìkan ló kù. Kì í ṣe ti ìjọba. Ọgbọ̀n ọdún ni Alàgbà Ọládùnjoyè fi ṣe iṣẹ́ igbó fún ìjọba, ó sì ń ra nǹkan àtijọ́ kiri ní gbogbo ibi tí wọ́n bá gbé e lọ. Nígbà tí ó fẹ̀yìn tì, ó ṣí yàrá mẹ́ta nínú ilé rẹ̀ fún àwọn ọmọdé ní ọjọ́ Sátidé. Ọmọ mọ́kànlá ni Ẹfúnróyè kó wá nínú bọ́ọ̀sì ilé-ìwé.

Nísinsìnyí, òun àti bàbá náà nìkan ló kù nínú yàrá. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ka ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ àpótí náà. Kò ga ju ojú ọmọ lọ rárá. *Àpótí ìjókòó ọmọdé. A kò mọ ẹni tó ni ín.*

Ó sọ fún bàbá náà pé kì í ṣe ti ọmọdé. Ó ní ní ilé àwọn, lẹ́bàá Ìsánlú, ẹnikẹ́ni kì í jókòó lé e àfi olórí ẹbí, lọ́jọ́ tí ó bá gorí oyè, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ní ọjọ́ ayé rẹ̀. Ó ní ọmọ ọdún méje lòun nígbà tí wọ́n ní kí òun gbé e jáde kí àwọn gbá yàrá, tí òun fi ẹsẹ̀ kọ, tí ọwọ́ ère náà sì dá.

Bàbá náà gbọ́ ọ tán. "Báwo ló ṣe wá kúrò nílé yín?"

"Wọ́n jí i, sà."

Irọ́ kọ́ ni. Síbẹ̀, ìwé ẹ̀gbẹ́ àpótí ni ó ń wò bí ó ti ń sọ ọ́.

Alàgbà Ọládùnjoyè ní òun kì í fi ohun tí wọ́n jí ṣe ọ̀ṣọ́ ilé. Ó ní òun fúnra òun yóò gbé e padà sí Ìsánlú lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Bí wọ́n bá sì béèrè ibi tí òun ti rí i, òun yóò sọ òtítọ́: ọwọ́ Yàkúbù oníṣòwò ère ni, ní Lọ́kọ́jà, lọ́dún 1968. Ó ní Yàkúbù ṣì wà láyé, kì í sì í gbàgbé ojú ẹni tó bá tajà fún un rí. Lẹ́yìn náà ló fi ẹní bo àpótí náà lórí, ó sì yọ ìwé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kúrò.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ti Ẹfúnróyè kò tilẹ̀ pé ogún. Ọdún mọ́kàndínlógún ni.

Lọ́dún náà lọ́hùn-ún, ìwé ti dé pé wọ́n ti gbà á sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́. Bàbá rẹ̀ ní oko kò so, àti pé ìwé tí obìnrin kà ti tó. Yàkúbù wà ní ìlú wọn lọ́sẹ̀ yẹn, ó ń ra ilẹ̀kùn àtijọ́ àti ère lọ́wọ́ àwọn ènìyàn. Ní ìdájí ọjọ́ kan, Ẹfúnróyè fi aṣọ wé àpótí oyè, ó rù ú bí ẹni tí ń lọ sí oko. Kò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ tí wọ́n fi mọ̀ pé àpótí náà kò sí mọ́. Kò sí ẹni tó bi í léèrè. Sàídátù ni ojú gbogbo ènìyàn lọ bá, ìyàwó kékeré tí bàbá Ẹfúnróyè fẹ́, ọmọ oníṣòwò Ògbómọ̀ṣọ́, àjèjì tí ń ná ọjà káàkiri. Wọ́n tú ẹrù rẹ̀, wọn kò rí nǹkan kan. Wọ́n ní ìdí tí wọn kò fi rí i ni pé ó ti tà á. Ó pọn Rẹ̀mí, ọmọ rẹ̀ ọlọ́dún kan, ó ru ẹrù, ó lọ. Ẹfúnróyè dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò omi, ó ń wò wọ́n. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé bí ó bá di ọ̀la, òun yóò sọ ọ́. Ọ̀la náà bọ́ sí ọjọ́ tí ilé-ìwé wọlé.

Nínú bọ́ọ̀sì tí ó ń kó wọn padà sí Garki, àwọn ọmọ ń kọrin. Ó ka iye wọn nígbà tí wọ́n sọ̀, ó fa ẹnì kọ̀ọ̀kan lé òbí rẹ̀ lọ́wọ́, ó sì wọ ọkọ̀ Ńyányá.

Ó ti mọ ibi tí Sàídátù ń gbé, ní ẹ̀gbẹ́ Ńyányá, láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Láníyì, ọmọ ìlú wọn, ló sọ ní ìpàdé pé òun ra abọ́ tánganran lọ́wọ́ obìnrin kan ní Jikwoyi tí òun mọ̀ dájú pé ìyàwó àtijọ́ bàbá Ẹfúnróyè ni. Láti ọjọ́ náà, Ẹfúnróyè kò gba ọ̀nà yẹn mọ́. Nínú ọkọ̀ ni ó ti bi ara rẹ̀ bóyá òun ìbá máa lọ báyìí bí Yàkúbù bá ti kú.

Sàídátù wà níwájú ilé, ó ń nu eruku ọyẹ́ lára abọ́, ó ń tò wọ́n léra. Ó ti sanra díẹ̀, ewú sì ti yọ lábẹ́ gèlè rẹ̀. Ó gbé ojú sókè, ó wo àlejò náà pẹ́.

"Adúmáadán," ni ó wí.

Orúkọ tí ó fún un nígbà tó jẹ́ ìyàwó ni, torí pé ìyàwó kì í pe ọmọ ilé lórúkọ. Kò sẹ́ni tó tún pe Ẹfúnróyè bẹ́ẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ náà. Ó kúnlẹ̀ nínú iyẹ̀pẹ̀. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí ó ti tò nínú ọkọ̀ ti túká.

"Ìyá Rẹ̀mí, èmi ni mo gbé àpótí yẹn."

Ọwọ́ Sàídátù kò dúró lára abọ́. "Mo mọ̀. Odò ni mò ń lọ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Mo rí ọ lẹ́yìn ilé, o rù ú. Aṣọ tí o fi wé e, èmi ni mo fọ̀ ọ́ lánàá ọjọ́ náà."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ?"

"Mo sọ. Mo sọ fún bàbá ẹ." Ó gbé abọ́ náà sílẹ̀. "Ó ní kí n di ẹrù mi."

Ẹfúnróyè rántí bàbá rẹ̀ nígbà náà. Òun tí ó ti kọ̀ pé kò sí ilé-ìwé, òun náà ló ru àpótí aṣọ rẹ̀ dé ìdíkọ̀ lọ́jọ́ tí ó ń lọ. Kò béèrè ibi tí owó ti wá. Kò wo ojú rẹ̀. Títí tí ó fi kú, kò bá a sọ̀rọ̀ àpótí náà rí, orí àga lásán ni wọ́n sì ti fi í jẹ olórí ẹbí.

Ó fẹ́ tọrọ àforíjì, ṣùgbọ́n Sàídátù gbé ọwọ́ sókè, ó dá a dúró.

"Dìde. Ìyẹn ti kọjá lára mi. Ṣé o rántí ọmọ tí mo pọ̀n?" Ó sọ ọ́ fún un láìgbé ohùn sókè. Ọ̀dọ́mọkùnrin Yàgbà kan fẹ́ fẹ́ Rẹ̀mí lọ́dún tó kọjá. Àwọn ẹbí rẹ̀ lọ ṣe ìwádìí ní ìlú bàbá ọmọ, wọ́n sì sọ fún wọn níbẹ̀ pé ọmọ olè ni, ọmọ ìyá tó jí àpótí oyè. Wọn kò padà wá mọ́. "Mo sọ fún un pé èmi kọ́. Ó ní òun gbà mí gbọ́. Ṣùgbọ́n mo rí ojú ẹ̀."

"Mà á bá a sọ̀rọ̀," ni Ẹfúnróyè wí. "Mà á lọ sílé, mà á sọ fún gbogbo wọn."

"Tilé lè dúró. Ńyányá ló ti ń kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán, yóò dé láìpẹ́. Jókòó."

Sàídátù bu omi fún un bí a ti ń bu omi fún àlejò, ó sì padà sídìí abọ́ rẹ̀. Ẹfúnróyè jókòó sórí pákó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ife wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò mu ún. Oòrùn ti ń pọ́n nínú ọyẹ́. Ọkọ̀ kan dúró lójú títì, àwọn ọmọbìnrin mẹ́rin tàbí márùn-ún sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ń bọ̀ lójú ọ̀nà eléruku náà, wọ́n ń tàkúrọ̀sọ.

Ó wo ojú wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò mọ èwo ni Rẹ̀mí. Láti ọdún mọ́kàndínlógún, ó ti ro ti àpótí náà lọ́pọ̀ ìgbà. Ó ti ro ti bàbá rẹ̀. Àwọn ọjọ́ mìíràn, ó ti ro ti Sàídátù. Kò bi ara rẹ̀ léèrè lẹ́ẹ̀kan rí bóyá ọmọ tí Sàídátù pọ̀n lọ yè.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin náà dágbére fún àwọn yòókù, ó yà sí ọ̀nà ilé. Ó ga. Ó ń rìn pẹ̀lú èjìká kan tó rẹlẹ̀ ju èkejì lọ, gẹ́gẹ́ bí bàbá wọn ṣe máa ń rìn bọ̀ láti oko.

Ẹfúnróyè gbé ife sílẹ̀, ó sì dìde.