Ọjọ́ Bàbá Níbi Tí Àkọ́bí Wà

Dókítà ti sọ ọ́ títí ẹnu fi gbẹ ẹ́: bí wọn ò bá gé ẹsẹ̀ òsì bàbá mi kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, ohun tó ti jẹrà níbẹ̀ á ràn wọ gbogbo ara, á sì pa á. Bàbá mi kàn ń wò ó ni. Télọ̀ ni. Ẹsẹ̀ yẹn gan-an ló fi ń tẹ ẹ̀rọ tó fi tọ́ èmi àti ẹ̀gbọ́n mi. Ṣùgbọ́n kì í ṣe tìtorí iṣẹ́ ló ṣe kọ̀.

"Ẹ ò ní gé nǹkan kan lára mi," ó wí, "títí àkọ́bí mi á fi pè mí."

Àkọ́bí! Ó ti pẹ́ tí àkọ́bí ti sọdá sókè òkun, ó sì ti pẹ́ tí nọ́ńbà rẹ̀ ò ti lọ mọ́. Wọ́n ní a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni. Ẹ̀gbọ́n mi ò tiẹ̀ fi ọwọ́ kankan júwe é. Èmi tí mo ń fọ egbò láràárọ̀ kí n tó lọ po ìyẹ̀fun níbi tí a ti ń ṣe búrẹ́dì, èmi ni bàbá ń pè ní "ìwọ yìí".

Láti ìgbà tó ṣì ń ránṣọ nílé ni ìdúró yìí ti bẹ̀rẹ̀: ọjọ́ tí wọ́n ń yẹ́ àwọn bàbá sí lọ́dọ̀ wa kọjá, fóònù ò dún. Bàbá mi ò gbà pé wọ́n gbàgbé òun. Gbogbo oníbàárà tó bá ti ilẹ̀ mìíràn wá ló ń bi léèrè ọjọ́ tí wọ́n ń yẹ́ bàbá sí nílẹ̀ tiwọn. Ọ̀kan ní oṣù kẹta ni tiwọn, ọjọ́ Jósẹ́fù ọkọ Màríà. Òmíràn ní ọjọ́ tí Jésù gòkè re ọ̀run ni, pé àwọn ọkùnrin á kó ọtí sínú ọmọlanke, wọ́n á máa fà á kiri inú igbó. Bàbá mi rẹ́rìn-ín títí abẹ́rẹ́ fi gún un lọ́wọ́. Obìnrin kan ní nílùú tòun, oúnjẹ dídùn ni wọ́n ń gbé lọ fún bàbá, pé ẹni tí tirẹ̀ bá ti kú á lọ sétí odò lọ gbàdúrà. Ìyẹn ni mi ò fẹ́ gbọ́ rárá. Bí ọ̀kan nínú àwọn ọjọ́ yìí bá ti kọjá láìsí ìpè, á ní, "Kò sí níbẹ̀ nìyẹn. Níbi tó wà, ọjọ́ wọn ò tíì pé."

Nígbà tí ẹsẹ̀ náà dúdú dé ọrùn ẹsẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, orí mi gbóná. Ọkùnrin kan wà níbi iṣẹ́ wa tí à ń pè ní Aláwàdà. Kò sẹ́ni tí kò lè sín ohùn rẹ̀ jẹ. Òun àti ẹ̀gbọ́n mi jọ dàgbà ni. Mo kúnlẹ̀ fún un nínú ìyẹ̀fun.

"Irọ́ lo fẹ́ kí n pa fún arúgbó?" ó bi mí.

"Ẹ̀mí ni mo ní kẹ́ ẹ bá mi gbà là, bọ̀ọ̀dá."

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, fóònù dún lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn bàbá mi nílé ìwòsàn. Mo gbé e sí i létí, mo ń gbọ́ gbogbo rẹ̀.

"Bàbá mi! Ẹ kú ọjọ́ òní o! Níbi tí mo wà, òní là ń yẹ́ àwọn bàbá sí. Gbogbo ìlú ló wọ aṣọ yẹ́lò. Orí ìkúnlẹ̀ lọmọ wà tó ń fún bàbá rẹ̀ ní òdòdó."

Omi ti ń dà lójú bàbá mi. "Yẹ́lò? Ta ló rán tìẹ?"

Aláwàdà kálòlò díẹ̀. "Ẹnì kan ni, bàbá. Kò mọ̀ ọ́n rán tó yín."

"Wọ́n á ti rán abíyá rẹ̀ fún jù. Mo mọ̀ wọ́n."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n gé ẹsẹ̀ yẹn."

"Mo gbọ́, ọmọ mi. Mo gbọ́."

Inú mi dùn, mo sáré lọ pe nọ́ọ̀sì. Nígbà tí a fi máa padà dé, bàbá mi ti kọjú sógiri.

"Ẹ máa lọ," ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́. "Mo ti gbọ́ ohùn rẹ̀. Ó wà láàyè, ó ń jẹun, ó rí aṣọ wọ̀. Kí ni mo tún ń dúró ṣe? Ẹsẹ̀ méjì ni mo gbé wá sáyé, ẹ jẹ́ kí n gbé méjèèjì lọ."

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Tèmi ò tiẹ̀ tíì jáde nínú yàrá. Mo bẹ̀ ẹ́, mo pariwo, mo ní, "Èmi ńkọ́?" Ó na ọwọ́ sẹ́yìn, ó fi kàn mí lórí.

"Ìwọ ò níṣòro. Ìwọ lágbára."

Mo rí i pé ohun tó lè bà á lọ́kàn jẹ́ nìkan ló lè dá a dúró.

"Bàbá, kì í ṣe òun ló pè yín. Aláwàdà ni. Èmi ni mo bẹ̀ ẹ́. A ò mọ ibi tí ẹ̀gbọ́n mi wà."

Mo ń retí kó gbá mi létí, ì bá tiẹ̀ tù mí lára. Nọ́ọ̀sì ń wo ilẹ̀. Nígbà tó yá, bàbá mi fà mí láṣọ pé kí n gbé òun jókòó. Ojú rẹ̀ ti le, bíi ìgbà tó bá fẹ́ tú aṣọ tí ẹlòmíràn rán bàjẹ́.

"Kò tíì pè, àbí?"

"Kò tíì pè, bàbá."

"Ẹ lọ pe dókítà kó wá gé e. Kì í ṣe ẹsẹ̀ ni mo fi ń gbọ́ fóònù."

Wọ́n gbé e sórí ibùsùn onítáyà, mo dì í mú títí dé ẹnu ilẹ̀kùn tí wọn ò ti jẹ́ kí n wọlé. Nítorí ọmọ tí ò pè ló ṣe gbà láti yè. Kì í ṣe nítorí mi. Kò tilẹ̀ kí mi pé ó dìgbà. Ohun tó sọ fún mi kẹ́yìn ni pé kí n má jẹ́ kí iná tán nínú fóònù yẹn. Ó dùn mí wọ eegun. Ilẹ̀kùn pa dé, mo sì lọ wá ibi tí màá ti rí iná.