Ẹ̀kọ́ Tí Bàbá Kò Rí Kà

Ní ọjọ́ Àìkú tí bíṣọ́ọ̀bù wá sí ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ọ̀kà, ní ọdún 1994, àyà mi ti ń já kí agogo kejì tó lù. Bàbá mi ni yóò ka ẹ̀kọ́ kìíní. Ó ti tó ọdún mẹ́tàlélógún tó ti ń kàwé níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bàbá mi kò ríran mọ́, èmi àti Àǹtí Safurat nìkan la sì mọ̀.

Èmi náà ò tètè mọ̀. Ìkàrẹ́ ni mo ti ń ṣe tíṣà lẹ́yìn yunifásítì, òpin ọ̀sẹ̀ ni mo máa ń wálé. Ohun tó fu mí lára ni pé bàbá ò bá mi tú àwọn àdììtú inú ìwé ìròyìn mọ́. Mo dán an wò: mo dorí ìwé ìròyìn kodò, mo gbé e lé e lọ́wọ́. Ó tẹjú mọ́ ọn, ó mirí.

"Àwọn olóṣèlú yìí ò ní yí padà láé," ló wí.

Ní Sátidé kan, mo dé láìròtẹ́lẹ̀, mo bá òun àti Àǹtí Safurat, àbúrò rẹ̀, lẹ́yìn ilé. Mùsùlùmí ni àǹtí mi látìgbà tó ti relé ọkọ. Bíbélì bàbá wà lórí itan rẹ̀. Ó ń ka ẹ̀kọ́ ọjọ́ kejì ní ẹsẹ kọ̀ọ̀kan, bàbá ń sọ ọ́ tẹ̀lé e títí ó fi há a sórí.

"Tó o bá sọ fẹ́nì kankan," Àǹtí wí, "màá gbá ẹ létí. Ò báà jẹ́ tíṣà."

"Dókítà ńkọ́?"

"Ó ní èyí tó ti lọ ti lọ," bàbá dáhùn. "Má jẹ́ kí wọ́n máa káàánú mi ní ṣọ́ọ̀ṣì, Rufus."

Ní Àìkú bíṣọ́ọ̀bù yìí, a ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà ni àlùfáà sáré pàdé wa.

"Bàbá Rufus, bíṣọ́ọ̀bù ti pààrọ̀ ẹ̀kọ́ o. Mo ti fi ìwé pélébé há ojú ewé rẹ̀ fún yín."

"Ó dáa, sà." Ọwọ́ bàbá di férémù ilẹ̀kùn mú.

Mo fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Ẹ jẹ́ n sọ pé inú ń run yín."

"Lójú bíṣọ́ọ̀bù?"

"Ẹ jẹ́ n wá dúró lẹ́yìn yín nígbà náà, n máa sọ ọ́ sí yín létí."

"Kó o wá di Ẹ̀mí Mímọ́ fún mi?" Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n òógùn ti mu ọrùn ẹ̀wù rẹ̀.

Wọ́n ń kọrin, èmi ń ṣírò. Bí ó bá sọ ẹ̀kọ́ ti tẹ́lẹ̀, bíṣọ́ọ̀bù á mọ̀. Bí ó bá dákẹ́, gbogbo ìjọ á mọ̀. Mi ò rí ọ̀nà kẹta.

Bàbá dìde. Ìṣísẹ̀ méje ló máa ń kà dé ìdí idì onígi tí wọ́n ń gbé Bíbélì lé. Ó dé ibẹ̀, ó fọwọ́ wá ìwé pélébé náà, ó ṣí i. Ó dákẹ́. Ẹnìkan wúkọ́. Bíṣọ́ọ̀bù gbórí sókè. Mo ti fẹ́ dìde.

Bàbá pa Bíbélì dé.

"Ẹ̀yin ará, mi ò ríran. Ó ti lé lóṣù mẹ́jọ. Mo ń há a sórí ni, mo sì ń ṣíwèé bí ẹni tó ń kà á. Mo bẹ Olúwa kó gbé ẹrù yìí kúrò lórí mi. Kò gbé e. Èmi wá ń fi í pamọ́, bí ẹni pé ìtìjú ni ohun tó bá ti ọwọ́ Rẹ̀ wá. Ẹ forí jì mí. Rufus, wá kà á."

Mo ṣí Bíbélì padà síbi ìwé pélébé náà. Mo fo ìlà kan, mo padà sí i. Nígbà tí mo parí, bàbá fẹ́ padà sí ìjókòó, ṣùgbọ́n ìṣirò ẹsẹ̀ rẹ̀ ti dàrú. Ó dúró. Ó wá na ọwọ́ rẹ̀ sí mi, níṣojú gbogbo ìjọ.

"Mú mi lọ," ló wí.

Àǹtí Safurat ń dúró dè wá nílé. "Ṣé wọn ò fura?"

"Wọ́n ti mọ̀," bàbá wí.

"Ta ni wèrè tó sọ fún wọn?" Èmi ló tẹjú mọ́.

"Èmi ni," bàbá dáhùn.

Àǹtí jókòó pẹ̀lẹ́. "Ṣé wọ́n á ṣì jẹ́ kẹ́ ẹ máa kàwé?"

"Bíṣọ́ọ̀bù ní òun á ránṣẹ́." Bàbá fọwọ́ wá àga, ó jókòó tì í. "Gbé Bíbélì, Safurat. Èyí tí wọ́n kà lónìí, mi ò tíì mọ̀ ọ́n."