Apá Onígbàjámọ̀

Ọdún kẹtàdínlógún rèé tí onígbàjámọ̀ ti ń gẹ irun bàbá rẹ̀, bàbá ò sì gbà kí ọwọ́ ẹlòmíràn kan orí àwọn. Nígbà tí èjìká ọ̀tún ọmọ wá gan, tí apá ò gòkè ju àyà lọ mọ́, bàbá dé fìlà lé irun tó ti ń di igbó, wọ́n ní àwọn á dúró. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n ti ń dúró. Fìlà yẹn ń dun onígbàjámọ̀ ju èjìká lọ.

Nítorí èjìká náà, ó ti kọ́kọ́ bá àwọn ọ̀dọ́ ṣe yógà, eré ìdárayá títẹ ara àti mímí, ní gbọ̀ngàn àdúgbò. Wọ́n tẹ̀, ó tẹ̀. Wọ́n lọ́, ó lọ́. Ìrora méjì ló gbé délé dípò ẹyọ kan. Aṣọ tí wọ́n dá fún ara ẹlòmíràn, ṣé kò ní fún ni lábíyá?

Ìyàwó rẹ̀ ló mú un lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì kan tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń fi yógà tọ́jú èèyàn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyá náà ò ní kó tẹ́ ẹní. Wọ́n jókòó sórí àga bí oníbàárà, wọ́n ní kó di kílípà mú, kó ṣe bí ẹni ń gẹrun.

“Ọkọ mi, tóo bá dé ìdí etí, ṣé o kì í mí ni?” ni ìyá nọ́ọ̀sì bi í.

“Mà, tí mo bá mí, tọ́wọ́ mi wá gbọ̀n, etí oníbàárà ńkọ́?”

Ìyá rẹ́rìn-ín títí. “Kò sóhun tó ń ṣe etí wọn. Èjìká tìẹ ló ń sanwó ẹ̀.”

Ohun mẹ́ta péré ni wọ́n fún un: kó máa mí jáde pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kó jẹ́ kí apá máa fì wọ́ọ́rọ́, kó sì máa fi ìka rìn gun ògiri ṣọ́ọ̀bù láràárọ̀. “Tó bá ti fẹ́ dùn ẹ́, dúró. Ara tìẹ ni kóo gbọ́ràn sí lẹ́nu.”

Ó fi pẹ́ńsùlù sàmì síbi tí ìka dé. Ọ̀sẹ̀ méjì, àmì ò kúrò lójú kan. Inú bí i, ó fẹ́ fipá gbé e. Ó rántí gbọ̀ngàn, ó mí jáde. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà: láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, ìka rẹ̀ kọjá orí dígí tó wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù. Ó ti ṣọ́ọ̀bù, ó di ilé bàbá.

“Ẹ ṣí fìlà, Bàbá mi.”

Ó gẹ ẹ̀yìn ọrùn, ó gẹ ẹ̀gbẹ́. Apá gòkè, ó dé àtàrí. Nígbà tó kan ìdí etí, bàbá ta gìrì.

“Kí ló ń fẹ́ atẹ́gùn sí mi létí?”

“Èmi ni, Bàbá mi. Mo ń mí ni.”

Bàbá rò ó wò. “Ọdún kẹtàdínlógún rèé, mi ò gbọ́ ọ rí.”

Onígbàjámọ̀ bú sẹ́rìn-ín, omi sì bọ́ lójú rẹ̀. Ara tù ú dé ìka ẹsẹ̀. Ó gbé fìlà, ó fi apá ọ̀tún gbé e kọ́ sókè lára ìṣó.