Báàmù Mímu

“Síbí mélòó lẹ bù?”

Bámikẹ́ ti dìde kó tó béèrè tán. Ewé gbígbẹ tó ń já lórí itan dà sílẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kò tiẹ̀ wò ó. Mùsítúrà, àbúrò ọkọ rẹ̀, ló ń bá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù láti Ọ̀jọ́.

“Síbí kan péré, ìyàwó wa. Mo rò ó pọ̀ mọ́ omi gbígbóná bí o ṣe wí. Kò kàn yòrò dáadáa ni, ó ń ṣe epo epo lójú omi.”

Ewé kì í ṣe epo lójú omi.

“Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, ṣé inú láílọ́nù lẹ ti bù ú, àbí inú ike kékeré?”

“Inú ike kékeré. Ṣebí ‘Lẹ́mọ̀n Báàmù’ ló wà lára rẹ̀? Òun kọ́ lo ní kí Màmá máa mu kí wọ́n lè rí oorun sùn?”

“Ṣé wọ́n ti mu ún?”

“Wọ́n ti mu ún tán. Mo gbé e fún wọn kí n tó lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tí mo padà dé, ife ti ṣófo, wọ́n sì ti sùn lọ fọnfọn. Mo pè wọ́n lẹ́ẹ̀mejì, wọn ò dáhùn. Oògùn rẹ yìí mà lágbára o!”

“Ẹ jí wọn, Àǹtí! Kàfúrà wà nínú rẹ̀! Ìpara ni, wọn kì í mu ún! Mò ń bọ̀.”

Ó ki ẹsẹ̀ bọ bàtà tí kì í ṣe ẹgbẹ́ ara wọn, ó sì bọ́ sójú títì Òkòkòmaikò. Kẹ̀kẹ́ tó kọ́kọ́ rí ló wọ̀, ó ní òun nìkan lòun fẹ́ gbé e, kí awakọ̀ má dúró fún ẹnikẹ́ni.

Ta ni yóò dá lẹ́bi bí kò ṣe ara rẹ̀? Lọ́lá, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó wà nílùú òyìnbó, ló fi irúgbìn ewé náà ránṣẹ́ sí i, ewé kan báyìí tó ń run bí ọsàn wẹ́wẹ́, tí àwọn òyìnbó ń pè ní lẹ́mọ̀n báàmù. Bámikẹ́ gbìn ín sínú ike ọ̀dà mẹ́fà lẹ́yìn ilé. Ibòòji ló ń sá a sí, nítorí oòrùn a máa gba òórùn rẹ̀ lọ. Èyí tó bá gbẹ, ó ń fọ́ ọ sínú láílọ́nù fún tíì, ó ń rọ ọ́ sínú ìrọ̀rí pẹlẹbẹ. Ó tún ń rẹ ẹ́ sínú òróró, ó ń yọ́ òróró náà pọ̀ mọ́ òrí, àbẹ́là àti kàfúrà, ó ń fi ṣe ìpara fún orúnkún tó ń ro ni. Nígbà tó wá di orúkọ, ó ní kí wọ́n bá òun tẹ irú bébà kan ṣoṣo, ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ gbogbo wọn lára: Lẹ́mọ̀n Báàmù. Ewé kan náà kọ́ ni? Kò rò ó pé ní gbogbo àdúgbò yìí, ohun tí wọ́n ń fi pa ẹ̀yìn àti ọrùn ni báàmù. Ẹni tí wọ́n bá ní kó mu báàmù, tó sì rí ike tó dà bíi ti báàmù, ibo ni kó tún máa wá?

Nígbà tí wọ́n dé Ìyànà Ìbà, ó pe Wàsíù ọkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, kò gbé e. Ó jókòó, ó dìde, orí rẹ̀ gbá irin kẹ̀kẹ́.

“Àǹtí, ẹ fara balẹ̀,” awakọ̀ wí.

“Ìwọ ṣáà máa sáré.”

Ẹ̀rù ń bà á gidigidi. Ọdún mẹ́jọ gbáko ni ìyá ọkọ rẹ̀ ti ń pè é ní “ìyàwó Wàsíù”, bí ẹni pé Wàsíù nìkan ló fẹ́ ẹ, tí kò kan ará ilé yòókù. Bí nǹkan bá ṣe Màmá lónìí, orúkọ wo ni wọn yóò máa pè é?

Mùsítúrà ti ń sunkún lẹ́nu ọ̀nà, pé òun jí Màmá títí, wọn ò jí. Bámikẹ́ ní kí kẹ̀kẹ́ dúró, pé àwọn ń gbé aláìsàn lọ sí ọsibítù, ó sì já wọ yàrá. Òórùn kàfúrà gba gbogbo ibẹ̀ kan. Màmá nà gbọọrọ lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n la ẹnu sílẹ̀. Ike kékeré wà ní ṣíṣí lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ojú ìka sì wà nínú rẹ̀ jinnújinnú.

Bámikẹ́ kúnlẹ̀, ó di èjìká wọn mú. “Màmá! Màmá mi, ẹ dákun, ẹ má ṣe èyí sí mi!”

Màmá la ojú kan.

“Ìyàwó Wàsíù, ta ló kú?”

“Alihamdulilahi!” Mùsítúrà ké.

“Màmá, ṣé inú ń run yín? Báàmù tí ẹ mu—”

“Ta ló mu báàmù?” Wọ́n dìde jókòó. “Èyí tí Mùsítúrà gbé wá? Mo ti dà á sí gọ́tà. Mi ò fẹ́ kó máa yọ mí lẹ́nu ni mo ṣe fi ife sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Èmi ò mọ̀wé, ṣùgbọ́n mo nímú. Ohun tó bá ń run kàfúrà, ara là ń fi í pa. Orúnkún ni mo fi èyí tó kù pa.”

“Kí lẹ wá mu tí ẹ fi sùn báyìí?”

“Ewé tó wà nínú láílọ́nù ńkọ́?”

Bámikẹ́ sáré dé ilé ìdáná. Láílọ́nù ṣófo lórí tábìlì. Ewé tó yẹ kí wọ́n fi oṣù kan mu, síbí kan lójúmọ́, Màmá ti da gbogbo rẹ̀ sínú ìkòkò àgbo, wọ́n ti sè é títí omi rẹ̀ fi dúdú. Ẹ̀rín pa Bámikẹ́, omijé sì ń bọ́ lójú rẹ̀ pa pọ̀.

“Síbí kan lẹ máa ń fi se àgbo nílé tiyín ni?” Màmá ń wí láti yàrá. “Láti ìgbà tí bàbá wọn ti lọ, oorun ò tíì kùn mí báyìí rí, lẹ bá wá jí mi. Kẹ̀kẹ́ ta ló ń pariwo níta yẹn? Mùsítúrà, bá mi bu ewé ìyàwó mi díẹ̀ sí i nínú ìkòkò.”

Bámikẹ́ yọjú sí wọn. “Ewé ta ni, Màmá?”

“Ewé ìyàwó mi. Kí ni kí n máa pè é? Èwo ni báàmù mímu?” Wọ́n kọjú sí ògiri.

Bámikẹ́ lọ dá kẹ̀kẹ́ padà. Nígbà tó wọlé, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú ọ̀ọ̀dẹ̀, ó fi èékánná họ bébà ara ike kékeré títí gbogbo rẹ̀ fi ṣí. Ó gba báírò lọ́wọ́ Mùsítúrà, ó kọ “Ìpara, a kì í mu ún” gàdàgbà. Lẹ́yìn náà, ó fa láílọ́nù tó ti ṣófo mọ́ra, ó họ tiẹ̀ náà kúrò, ó sì rọra kọ orúkọ tí Màmá pe ewé náà sí i. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Nínú yàrá, Màmá tún ti ń hanrun.