Àlejò Tí Ó Gba Orúkọ Onílé

Ní ọ̀sán Sátidé kan ní ọdún 1995, Dúrótìmí tú ìdérí kọ̀ǹpútà ilé wọn ní Glyndon Estate, ó sì so díìsìkì kejì mọ́ ẹ̀gbẹ́ ti àkọ́kọ́. Ohun tí ó ń fẹ́ kò ju pé kí ẹ̀rọ náà máa bi í, nígbàkúùgbà tí ó bá tàn án, bóyá ètò àtijọ́ ni yóò wọ̀ tàbí ètò tuntun tí wọ́n fi ń kọ́ wọn ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ṣùgbọ́n inú díìsìkì àtijọ́ ni iṣẹ́ ìwádìí Títílọlá, ìyàwó rẹ̀, wà, èyí tí yóò fi lé ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì lọ́wọ́ ní ọjọ́ Ajé. Kò ní ẹ̀dà mìíràn.

Apá méjì ni díìsìkì àtijọ́ náà pín sí. C ni wọ́n ń pe ọ̀kan, D ni èkejì, inú D sì ni iṣẹ́ náà wà. Dúrótìmí rò ó dáadáa: ẹni tí ó kọ́kọ́ wọlé ni ẹ̀gbọ́n, nítorí náà, E ni àlejò yóò máa jẹ́. Ó pàṣẹ pé kí ẹ̀rọ fọ E mọ́ fún ètò tuntun. Ẹ̀rọ ní kí ó kọ́kọ́ wí orúkọ tí a sọ E. Ó tẹ bọ́tìnnì láìkọ nǹkan kan. Ẹ̀rọ ní orúkọ náà kò tọ̀nà.

Bí Títílọlá ti ti ọsibítù dé, ó bá ọkọ rẹ̀ tí ó fọwọ́ lẹ́rán.

“Mọ́mì Kàfí, ẹ̀rọ yìí ń bèèrè orúkọ ọmọ tí a bí lónìí lọ́wọ́ mi. Orúkọ wo ni ọmọ òòjọ́ ní?”

“Kò ní. Ṣùgbọ́n èmi sọ tèmi lórúkọ.” Ó ju báàgì rẹ̀ sílẹ̀. “Dádì Kàfí, ẹ ṣí E kí a wo inú rẹ̀.”

Iṣẹ́ rẹ̀ ni ó jáde, láti orí kìíní dé ìkẹyìn. Wọ́n ṣí D. Ẹ̀rọ ní òun kò rí ohunkóhun kà níbẹ̀: díìsìkì tuntun ni ó ń jẹ́ D báyìí.

“Ẹ fẹ́ fọ̀ mí dànù,” ni Títílọlá wí.

“Ṣé ẹni tí ó dé lọ́sàn-án yìí ni ó wá di ẹ̀gbọ́n ẹni tí ó bá nílé?”

“Kí màmá yín tó gbọ́ pé ìyàwó kékeré ti gba ipò ìyálé níhìn-ín, ẹ yọ ọ́ kúrò. Bí mo bá ti fi iṣẹ́ mi lé wọn lọ́wọ́ lọ́jọ́ Ajé, ẹ fi méjìlá síbẹ̀.”

Dúrótìmí pa ẹ̀rọ. Inú férémù kan náà ni ó ti de àwọn díìsìkì náà mọ́, nítorí náà ó tú méjèèjì jáde sórí tábìlì. Wọ́n dọ́gba, àwọ̀ wọn kò yàtọ̀, ilé-iṣẹ́ kan náà ni ó sì ṣe wọ́n. Ó yí èkíní, ó yí èkejì, ó tún yí èkíní.

“Mọ́mì Kàfí,” ó ní jẹ́jẹ́, “èwo ni tìrẹ?”

Títílọlá gba irin tí ọkọ rẹ̀ fi ń tú sùkúrù, ó tì í bọ àpò aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ó sì tẹjú mọ́ àwọn méjèèjì.