Gbólóhùn Tó Tọ̀nà

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí ènìyàn ṣe lè gbọ́n kó sì tún gọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ bá mi wo tíṣà Gẹ̀ẹ́sì yìí. Obìnrin náà mọ iṣẹ́ rẹ̀ dunjú. Kì í fi tipátipá ki gírámà bọ àwọn ọmọ lágbárí; ńṣe ló máa ń gé páálí, á kọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, á so okùn mọ́ ọn, á sì fi kọ́ àwọn ọmọ lọ́rùn. Wọn á tò síwájú kíláàsì, wọn á di gbólóhùn. Ọmọ tó bá dúró síbi tí kò yẹ, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á fi ẹ̀rín lé e padà sáyè rẹ̀. Àwọn ọmọ fẹ́ràn tíṣà náà kọjá kèrémí.

Lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, àfikún àbọ̀ ni wọ́n ń kọ́. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ yẹn bà yín lẹ́rù. Bí wọ́n bá ní àwọn ọmọ kíláàsì fi ọmọ kan tó ń jẹ́ Gíga jẹ kápútéènì, Gíga ni àbọ̀, òun ni wọ́n ṣe nǹkan sí. Kápútéènì ni àfikún, òun ló ń sọ ohun tí wọ́n sọ Gíga dà. Bí wọ́n bá kun ilẹ̀kùn ní pupa, ilẹ̀kùn ni àbọ̀, pupa ni àfikún. Ẹ yọ ọ̀rọ̀ tó gbẹ̀yìn yẹn kúrò, etí olùgbọ́ á ṣì máa retí.

Tíṣà pe ọmọbìnrin kan síwájú kó wá ṣe àbọ̀. Jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń pe ọmọ náà, nítorí bó ṣe máa ń rìn bí ẹni tí kò fẹ́ jí ilẹ̀ lójú oorun. Ọmọ kan gbé "àwa" kọ́rùn lédè Gẹ̀ẹ́sì, òmíràn gbé "ń pè", Jẹ́jẹ́ gbé "òun". Páálí kẹrin wà lófìfo lọ́wọ́ tíṣà. Ó ní kí kíláàsì fún òun ní ọ̀rọ̀ tí yóò parí gbólóhùn náà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí gbogbo kíláàsì mọ̀. Lọ́sẹ̀ tó ṣáájú, fóònù tíṣà ìṣirò sọnù lórí tábìlì, Jẹ́jẹ́ ló sì kẹ́yìn jáde lọ́jọ́ náà, torí òun ló nu pátákó. Wọ́n tú báàgì rẹ̀, wọn ò bá nǹkan kan níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló lè fi ọwọ́ bo ẹnu ayé?

Ohùn kan láti ẹ̀yìn ló sọ ọ́: "Olè."

Tíṣà ti ń wá ẹni tó máa mọ ìdáhùn náà láti àárọ̀, àwọn tó kọ́kọ́ dáhùn ò sì mọ̀ ọ́n. Inú rẹ̀ dùn. "Ó tọ̀nà," ó wí. "Ẹ pàtẹ́wọ́ fún un." Ó kọ ọ́ sórí páálí, ó fi kọ́ ọmọ mìíràn lọ́rùn, ó ní kó dúró ti Jẹ́jẹ́, ó sì ní kí gbogbo kíláàsì kà á jáde. Wọ́n kà á: à ń pè é ní olè. Ó ní kí wọ́n tún un kà, torí wọn ò pe ọ̀rọ̀ tó gbẹ̀yìn dáadáa. Ọlọ́run ló mọ ibi tí làákàyè rẹ̀ rìn lọ. Àwọn yòókù ti jókòó tán kó tó rí i pé Jẹ́jẹ́ ò tíì kúrò lójú kan, páálí rẹ̀ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, Jẹ́jẹ́ ò wá. Ọjọ́ tó tẹ̀ lé e náà, kò wá. Bẹ́ẹ̀ ìdánwò àṣekágbá ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Ọmọ tí kò bá wá forúkọ sílẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ó di ọdún tó ń bọ̀, àwọn tó sì máa ń di ọdún tó ń bọ̀ kì í sábà padà. Ẹ̀rù ba tíṣà, ojú sì tì í. Ó ní òun á lọ bẹ ọmọ náà nílé.

Yàrá kan ni Jẹ́jẹ́ àti ìyá rẹ̀ ń gbé, ibẹ̀ náà ni ìyá ti ń ṣe iṣẹ́ alágbàfọ̀. Aṣọ oníbàárà kún orí okùn, ooru áyọ́ọ̀nù gba gbogbo inú ilé. Jẹ́jẹ́ ló ń lọ kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì nígbà tí tíṣà wọlé. Ó kí i, kò gbójú sókè. Ìyá fa àga fún àlejò, tíṣà gbé báàgì rẹ̀ sílẹ̀, ó jókòó.

Kò fi ọ̀rọ̀ falẹ̀. Ó ní òun ṣẹ̀, pé gbólóhùn ni òun ń gbọ́, òun ò gbọ́ ohun tí gbólóhùn náà ń sọ. Ìyá ní òun kọ́ ni kó bẹ̀.

"Bó bá jẹ́ pé àwọn ọmọ nìkan ni, mo mọ ohun tí ǹ bá sọ fún un," ìyá wí. "Ṣùgbọ́n tíṣà ló ní ó tọ̀nà."

Tíṣà yíjú sí Jẹ́jẹ́. "Irọ́ ni wọ́n pa mọ́ ẹ. Tá a bá wọlé lọ́la, màá sọ ọ́ lójú gbogbo wọn pé irọ́ ni, àti pé èmi ni mo ṣe é."

Jẹ́jẹ́ gbé áyọ́ọ̀nù nàró. "Ẹ̀yin fúnra yín ńkọ́, mà? Ṣé ẹ gbà pé mi ò mú un?"

"Mo gbà."

Tinútinú ló fi sọ ọ́. Ọmọ náà tújú ká díẹ̀. Ó béèrè ibi tí wọ́n bá ẹ̀kọ́ dé, tíṣà sì sọ fún un. Ìyá ní kó yáa padà sílé ìwé, torí kọ́là tó ń lọ̀ láti ọjọ́ yìí ti fẹ́ lé oníbàárà òun tán. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ó pẹ́ tí ara ti tu tíṣà tó báyẹn.

Jẹ́jẹ́ ní kí òun wá yunifọ́ọ̀mù òun kí òun lọ̀ ọ́. Ẹ̀yìn àga tíṣà ni apẹ̀rẹ̀ aṣọ wà. Ọmọ náà gba ibẹ̀ kọjá, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Tíṣà ń bá ìyá sọ̀rọ̀ ìforúkọsílẹ̀ lọ. Ọwọ́ rẹ̀ kan sọ̀ kalẹ̀, ó mú báàgì, ó gbé e lé itan, ó sì fi ìgbọ̀nwọ́ tẹ̀ ẹ́. Kò rò ó. Bí ẹ bá bi í ní ìṣẹ́jú yẹn, á búra pé ọwọ́ òun ò kúrò lójú kan.

Bí ìyá ṣe dákẹ́ lójijì ló jẹ́ kó wolẹ̀. Ó rí báàgì lórí itan rẹ̀. Ó wẹ̀yìn: Jẹ́jẹ́ ṣì bẹ̀rẹ̀, yunifọ́ọ̀mù lọ́wọ́, ó ń wo ibi tí báàgì náà wà tẹ́lẹ̀.

Tíṣà sáré gbé báàgì náà padà sílẹ̀.

Jẹ́jẹ́ ká yunifọ́ọ̀mù náà dáadáa, ó dá a padà sísàlẹ̀ apẹ̀rẹ̀, ó kó aṣọ oníbàárà lé e. Ó padà sídìí áyọ́ọ̀nù, ó fa ṣẹ́ẹ̀tì mìíràn.

"Ẹ rọra tí ẹ bá ń lọ, mà," ó wí. "Omi wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń yọ̀."